Kì Í Ṣe Àbẹ́là La Jẹ Wọ́n Ní Gbèsè

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Ìròyìn á jáde láàárọ̀ pé òṣèré àgbà kan ti dágbére fáyé. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo státọ́ọ̀sì WhatsApp ti kún fún àwòrán dúdú àti funfun, àbẹ́là kan lápá òsì, ẹyẹlé kan lápá ọ̀tún. Ẹni tí kò mọ orúkọ olóògbé dáadáa á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé erin wó, àjànàkú sùn bí òkè. Gómìnà á gbé ìwé ìbánikẹ́dùn jáde. Lọ́jọ́ kẹta, a ti padà sórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Àwa náà máa ń ṣe é, a ò ní purọ́. Nínú àwa mẹ́fà tí a jọ ń kọ̀wé níbí, márùn-ún ló ti gbé àbẹ́là sórí státọ́ọ̀sì rí. Ẹnì kẹfà kò ní dátà lọ́jọ́ náà ni.

Ohun tó jẹ́ ká jókòó kọ èyí ni àríyànjiyàn kan tó bẹ́ sílẹ̀ ní yàrá wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Fídíò òṣèré àgbà kan ló ń lọ káàkiri, àìsàn ti sọ wọ́n di ohun tí ojú kò fẹ́ẹ́ rí, wọ́n ń tọrọ owó ìtọ́jú. Ọ̀kan nínú àwọn ará yàrá wa wo fídíò náà tán, ó ní, "Ṣebí wọ́n jayé orí wọn nígbà tówó wà lọ́wọ́? Ká ní wọ́n fi pamọ́ ni, ṣé wọ́n á máa tọrọ ni?" Ohun tó dùn wá ni pé gbogbo yàrá ló kanrí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan tilẹ̀ fi kún un pé àwọn òṣèré ayé ọjọ́un, ọtí àti obìnrin ni wọ́n fi owó wọn ṣe. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé, owó wo gan-an?

Ìbéèrè yẹn la fẹ́ bèèrè lónìí. Owó wo?

Ká má baà máa sọ̀rọ̀ lófuurufú, ẹ jẹ́ ká mú eré kan ṣoṣo, ká tẹ̀ lé àwọn tó ṣe é dé ibi tí ayé gbé wọn dé. Ẹ jẹ́ ká mú The Village Headmaster. Bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ níwájú àwọn òbí yín, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná, lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sín Olóyè Eleyinmi jẹ bí ẹni pé àná ni. Ọ̀gbẹ́ni Olusegun Olusola ló dá eré náà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1968, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1988. Ogún ọdún! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ á ti wọ yunifásítì kó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń pa ara wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìlú Ọjà, ìlú Yorùbá tí ẹ kò lè rí lórí máàpù kankan, ọmọ Yorùbá, ará Calabar àti ọmọ Hausa ń jà lórí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ ààfin, wọ́n tún ń jọ jókòó. Gẹ̀ẹ́sì àti Píjìn ni wọ́n ń sọ, síbẹ̀ kò sí Yorùbá tó wò ó tí kò ní mọ̀ pé ààfin òun ni wọ́n ń sọ.

Ta ló wà níbẹ̀, ibo ni wọ́n sì parí sí?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Dejumo Lewis ni Kábíyèsí, Ọlọ́jà ti Ọjà. Ọ̀gbẹ́ni Funso Adeolu ni Olóyè Eleyinmi, ìjòyè tí ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́, tí kì í jẹ́ kí ọba sinmi. Ẹ wá wo bí Elédùmarè ṣe ń ṣe àwàdà tirẹ̀. Nígbà tó yá, ìlú Òde-Rẹ́mọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn nílò ọba, Olóyè Eleyinmi ni wọ́n sì gbé adé fún. Ìjòyè orí tẹlifíṣọ̀n di Aláyé ti Òde-Rẹ́mọ, kábíyèsí tòótọ́, tí àwọn ènìyàn ń dọ̀bálẹ̀ fún láìsí kámẹ́rà. Ẹni tó jókòó sórí ìtẹ́ nínú eré ńkọ́? Ọ̀gbẹ́ni Lewis ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Tunde Kelani ṣe fíìmù Agogo Èèwọ̀ ní 2002, àwọn náà ni wọ́n tún ké sí pé kí wọ́n wá jọba. Ọ̀kan jọba lójú ayé, èkejì ń jọba lójú fíìmù. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, a rò pé ẹnì kan ló hùmọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, ènìyàn mẹ́ta ló ṣe é tẹ̀ léra: Ted Mukoro, lẹ́yìn wọn Femi Robinson, lẹ́yìn wọn Justus Esiri. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀, torí wọ́n kò dúró sí Ọjà. Jámánì ni wọ́n ti kàwé kí wọ́n tó padà wálé. Àwọn ni Obierika nínú Things Fall Apart tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí fíìmù àgbéléwò dé, wọ́n di bàbá gbogbo ènìyàn, bàbá ọlọ́rọ̀, bàbá tó ní àṣírí, bàbá tó fẹ́ kú tí kò tíì pín ogún. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ mọ̀ wọ́n, ẹ mọ ọmọ wọn, Dr SID, tó kọrin pẹ̀lú àwọn Mo' Hits. Oṣù Kejì 2013 ni wọ́n jáde láyé. Ọ̀gbẹ́ni Robinson tẹ̀ lé wọn ní 2015.

Jab Adu, tí wọ́n ṣe Bassey Okon, ti ń gbìyànjú ohun mìíràn láti ìgbà tí eré náà ṣì wà lórí afẹ́fẹ́. Ní 1977 wọ́n gbé fíìmù tiwọn jáde, Bisi, Daughter of the River, Patti Boulaye ló sì ṣe ọmọbìnrin inú rẹ̀. Wọ́n kú ní 2016. Ọ̀gbẹ́ni Olusola, ẹni tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, di aṣojú Nàìjíríà ní Ethiopia. Ohun tí ojú wọn rí lọ́dọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò nílé lọ́hùn-ún ló jẹ́ kí wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ fún àwọn ogúnléndé nígbà tí wọ́n padà dé. Wọ́n jáde láyé ní 2012.

Ó ku Amebo.

Ìyáàfin Ibidun Allison ló ṣe Amebo, obìnrin tí kò sí ọ̀rọ̀ tí kò dé etí rẹ̀, tí kò sì sí ọ̀rọ̀ tó dé etí rẹ̀ tí kò ní dé etí ẹlòmíràn. Ẹ wo ohun tí ìyá yìí ṣe. Wọ́n gba orúkọ kan tí wọ́n kọ sórí ìwé eré, wọ́n fi ẹnu, ojú àti ìdí ṣe é títí orúkọ fi bọ́ kúrò lára ènìyàn, ó di ọ̀rọ̀ inú èdè. Láti Sókótó dé Calabar, láti ọjà Bódìjà dé inú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹni tó bá ń ṣòfófó, amebo ni. Kò sí ọjọ́ tí a kì í pe ẹnì kan bẹ́ẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, àwọn tó ń pè é kò sì mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni, tàbí pé obìnrin kan làágùn sórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ta ọṣẹ á ná owó rẹpẹtẹ kí orúkọ ọṣẹ wọn lè di ọ̀rọ̀ ẹnu aráyé, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì rí i ṣe. Ìyá Amebo ṣe é pẹ̀lú gèlè àti ètè lásán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sókè, ẹ tún ka gbogbo ohun tí a kọ sílẹ̀ yìí. Èwo nínú rẹ̀ ló ti ara eré náà wá? Adé Òde-Rẹ́mọ, ìdílé àti àwọn afọbajẹ ló gbé e fún Ọba Adeolu. Ipò aṣojú, ìjọba ló fi Ọ̀gbẹ́ni Olusola síbẹ̀. Fíìmù Bisi, orí ara wọn ni Jab Adu fi ṣe é. Bàbá Esiri, fíìmù àgbéléwò ló tún wọn gbé dìde. Ẹni tó bá là nínú wọn, ibòmíràn ló ti là. Ọjà fún wọn lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹ kò lè gbé orúkọ lọ sọ́dọ̀ ìyá oníẹ̀kọ kó bá yín wọn gààrí. Bí ẹ bá sì ti mọ èyí, ẹ máa rántí pé gbogbo eré ló ní àwọn tí adé kò kàn, tí kò sí ẹni tó fi wọ́n ṣe aṣojú, tí Nollywood kò sì ránṣẹ́ pè. Àwọn wọ̀nyẹn la ń rí nínú fídíò tí wọ́n ti ń tọrọ owó oògùn.

Nígbà tí a sọ èyí fún ará yàrá wa, ó ní ó dáa, àmọ́ wọ́n sanwó fún wọn nígbà náà, ọ̀rọ̀ ti parí. Bíríkìlà tó kọ́ ilé, ṣé wọ́n máa ń san owó fún un lóṣooṣù títí ayé?

A gbà pé àfiwé yẹn dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. Bíríkìlà kò fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ sára ògiri. Bí ẹ bá fẹ́ ilé mìíràn, ẹ ní láti tún un pè, kí ẹ sì tún sanwó. Ti òṣèré, ojú rẹ̀ gan-an ni ọjà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún eré náà gbé sáfẹ́fẹ́, òun náà ló tún ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ wà lórí ibùsùn nílé ìwòsàn. Ẹni tó gbé ìpolówó ọjà sáàárín eré sanwó. Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ gbowó. Ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wò ó nìkan ni wọ́n ní kó fi ọlá Ọlọ́run sí i. A sì mọ̀ pé orúkọ náà ṣì ní iye lórí, torí ní 2021 wọ́n tún jí i dìde sórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú àwọn òṣèré tuntun. Ta ni í jí ohun tí kò lówó lórí dìde?

Ọ̀rọ̀ pé wọn kò fi pamọ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká pe Baba Sala wá jẹ́rìí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Moses Olaiya Adejumo kò tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Aláwàdà sílẹ̀, tí wọ́n fi táì ńlá àti awò ojú tó tóbi ju orí lọ pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín lórí tẹlifíṣọ̀n. Owó tí wọ́n rí, wọn kò fi ra ọtí. Wọ́n kó o lé fíìmù, ohun tí gbogbo olùkọ́ ọrọ̀ ajé tó wà ní yunifásítì yìí ń pè ní ìdókòwò. Orun Mooru jáde ní 1982. Kí wọ́n tó rí èrè rẹ̀ kó, àwọn olè ti dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á káàkiri. Gbèsè ló kù fún Baba Sala. Wọ́n tún dìde, wọ́n ṣe Aare Agbaye, wọ́n ṣe Mosebolatan, ṣùgbọ́n ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn kò padà wá mọ́. Oṣù Kẹwàá 2018 ni wọ́n kú, ní Iléṣà, lẹ́yìn tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àbẹ́là pọ̀ lọ́jọ́ yẹn! A sì fẹ́ kí ẹ fọkàn bá wa ṣírò rẹ̀: nínú àwọn tó gbé àbẹ́là yẹn, mélòó ni ilé bàbá wọn ní kásẹ́ẹ̀tì Orun Mooru tí wọ́n rà lọ́wọ́ olè? Ilé ọ̀kan nínú àwa tí a ń kọ èyí ní in. Ó wà nínú àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a sì fi ojú wa rí i.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan ni. Àwọn tí wọ́n ṣe The New Masquerade, bí wọ́n ṣe pa Nàìjíríà lẹ́rìn-ín tó, ẹ bèèrè ohun tó jẹ́ tiwọn. James Iroha tó dá a sílẹ̀, tó tún ṣe Gringory, Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n ti kàwé. Wọ́n kú ní 2012. Christy Essien-Igbokwe, ọmọ Akwa Ibom tó fi Yorùbá kọ Seun Rere tí ìyá gbogbo wa mọ̀ sórí, inú eré náà làwọn náà wà. Ṣùgbọ́n orin ló gbé wọn ga, kì í ṣe eré. Àpẹẹrẹ kan náà ni. Ẹ̀ka kejì ló ń gba igi là.

Ní báyìí a fẹ́ sọ ohun tó ń bí wa nínú jùlọ, ọ̀rọ̀ téèpù.

Ogún ọdún ni The Village Headmaster fi wà lórí afẹ́fẹ́. Lónìí, bí ẹ bá wọ íntánẹ́ẹ̀tì láti wá a, ohun tí ẹ máa rí kò tó ohun tí ẹ lè wò tán láàárín ìparí ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo ènìyàn tó ṣiṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n nígbà náà ló mọ ìdí rẹ̀. Téèpù wọ́n, wọ́n á sì tún ká eré tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Èyí tí wọn kò ká nǹkan lé, ooru àti ọ̀rinrin bá a. A mọ̀ pé kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ló ṣe irú rẹ̀. BBC ní Lọ́ńdọ̀nù náà pa ọ̀pọ̀ téèpù tiwọn rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní eré kan tí wọ́n ń pè ní Doctor Who. Ọ̀pọ̀ apá rẹ̀ láti àárín 1960 síwájú ló sọnù. Kàkà kí wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n ń wá a kiri ayé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Philip Morris wá a dé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Jos. Ẹ gbọ́ dáadáa: Jos tiwa níbí. Orí pẹpẹ kan ló ti bá a. Ní oṣù Kẹwàá 2013 wọ́n kéde rẹ̀ fáyé pé apá mẹ́sàn-án tó ti sọnù ni wọ́n rí níbẹ̀, nínú eré The Enemy of the World àti The Web of Fear. Èyí kejì, 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún kan náà tí The Village Headmaster bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó wọ bàálù wá sí Nàìjíríà láti wá eré òyìnbó, ó sì rí i, torí àwa bá wọn tọ́jú rẹ̀ láìmọ̀. Ta ló wọ bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn dé Jos láti wá Amebo?

Nígbà tí a kọ́kọ́ ka ìròyìn yìí, a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, a ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ téèpù fi jẹ́ ọ̀rọ̀ owó kò le. Ohun tí kò sí, ẹ kò lè tà á. Ohun tí ẹ kò bá tà, kò sí èrè tí ẹ máa pín. Òṣèré tó fẹ́ gbèjà ara rẹ̀ nílé ẹjọ́, kí ló máa gbé lọ síwájú adájọ́? Ilé iṣẹ́ tó jẹ́ kí téèpù bàjẹ́ ti pa ẹ̀rí gbèsè tó jẹ rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, bó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Àwọn kan á ní a ń fẹ́ kí Nàìjíríà dà bí Amẹ́ríkà. Ẹ má tàn yín jẹ, Amẹ́ríkà náà ti jìyà ẹ̀ rí. Gilligan's Island wà lórí tẹlifíṣọ̀n wọn láti 1964 sí 1967, láti ìgbà náà wọn kò sì jáwọ́ nínú àtúnfihàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn òṣèré nígbà náà kò jẹ́ kí owó àtúnfihàn pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Dawn Wells, ọmọbìnrin inú eré náà tí gbogbo Amẹ́ríkà fẹ́ràn, ní 2018 ńṣe ni wọ́n ń dáwó fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àbí ẹ ò rí i? Fídíò ìtọrọ wà lọ́dọ̀ tiwọn náà. Ohun tó yí i padà kì í ṣe àánú, ẹgbẹ́ òṣèré ni, àwọn tó jókòó ti agbanisíṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn kò ní ṣiṣẹ́ bí kò bá sí ìlà kan nínú ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa àtúnfihàn. Nígbà tó fi máa di ìgbà Friends, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fìmọ̀ ṣọ̀kan pé iye kan náà làwọn máa gbà, wọ́n sì gbà á dé mílíọ̀nù dọ́là kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí apá kan ṣoṣo. A ò ní kí ẹnikẹ́ni san mílíọ̀nù dọ́là fún ẹmẹ̀wà ààfin. Ìlà kan ṣoṣo yẹn nínú ìwé là ń wí.

Nàìjíríà kò sì lè sọ pé òfin ni kò sí. Òfin kọ́píráìtì tó kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀tọ́ òṣèré lórí iṣẹ́ rẹ̀, 1988 ló jáde, ọdún tí ìlú Ọjà tú ká gan-an. Òfin tuntun, ti 2022, Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ú ní oṣù Kẹta 2023, ẹ̀tọ́ òṣèré sì wà nínú ìyẹn náà. Ìwé kò wọ́n wa. Ẹni tó máa gbé ìwé náà dání wọ ọ́fíìsì ló wọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe tíátà ní yunifásítì yìí, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. A mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ọ̀gá kan á wá láti Èkó pẹ̀lú kámẹ́rà, á ní òun fẹ́ fi yín hàn fáyé, ẹ̀yin á sì fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe eré fún un nítorí ìrẹsì àti owó ọkọ̀. Kò síwèé, kò sí ìlà. Ìgbà tí fídíò náà bá dórí YouTube ni ẹ máa mọ̀ pé ojú yín ti di ti ẹlòmíràn. Ọ̀kan nínú yín sọ fún wa pé bí òun bá béèrè ìwé, wọ́n á pe òun ní agbéraga, wọn kò sì ní pe òun mọ́. A mọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó jẹ́ ìwọ nìkan lo máa béèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gé fídíò Baba Sala sí ìṣẹ́jú kan, tí ẹ ń kọ orúkọ tiyín sí i lára, tí ẹ sì ń gbowó lórí rẹ̀, ẹ̀yin àti olè kásẹ́ẹ̀tì 1982, ọmọ ìyá ni yín. Fóònù ló yàtọ̀. A mọ̀ pé ẹ máa bínú sí wa fún gbólóhùn yẹn. Ó tẹ́ wa lọ́rùn.

Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ìjọba ń bọ́ pẹ̀lú owó gbogbo wa, ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ wọn kò pọ̀. Kí wọ́n ṣí yàrá téèpù. Kí wọ́n kọ ohun tó kù níbẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n gbé e síta kí gbogbo ayé rí i, ìbáà jẹ́ apá mẹ́wàá péré. Èyí tí wọ́n bá fi pawó, kí wọ́n pín in fún àwọn òṣèré tó ṣì wà láyé àti àwọn ọmọ àwọn tó ti lọ. Bí wọ́n bá ní àwọn ti san gbogbo rẹ̀ tán nígbà náà, kò burú, kí wọ́n fi ìwé àdéhùn hàn wá, kí a ka ibi tí òṣèré ti gbà pé kí wọ́n máa fi ojú òun pawó láìsan kọ́bọ̀ mọ́. A ti ṣetán láti tọrọ àforíjì bí a bá rí i kà.

A ò ti ìta bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá àgbà ọ̀kan nínú wa ṣe eré Yorùbá orí tẹlifíṣọ̀n rí, ní ìparí ọdún 1970. A ò ní dárúkọ eré náà tàbí ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde. Ẹmẹ̀wà ààfin ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kì í ju "Kábíyèsí ò!" lọ, àyàfi lọ́jọ́ kan tí wọ́n fún wọn ní gbólóhùn mẹ́fà torí pé ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ kò dé. Gbólóhùn mẹ́fà yẹn, wọ́n ṣì mọ̀ ọ́n lórí. Owó ìkálẹ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n máa ń gbà, wọ́n á wọ ọkọ̀ padà sílé, ó tán. Wọn kò rí ara wọn nínú eré náà rí, torí pé kò sí tẹlifíṣọ̀n nílé wọn nígbà náà.

Lọ́dún tó kọjá, mẹ́ta nínú wa lọ sí ilé iṣẹ́ náà láti bèèrè. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ká lọ kọ lẹ́tà wá. A kọ ọ́. Wọ́n ní ká mú un wá lórí ìwé tó ní orúkọ yunifásítì lókè. A ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọ̀gá kò sí ní ọ́fíìsì. Ìgbà kẹrin, bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣàánú wa, wọ́n mú wa dé iwájú ilẹ̀kùn kan ní ìsàlẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni téèpù wà, bó bá ṣì wà. Àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti dípẹtà. Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Bàbá náà ní ọkùnrin tó ń mójú tó o ti fẹ̀yìntì, àwọn kò sì mọ ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́.

A padà sílé. Bàbá àgbà ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wa. "Ẹ kú àbọ̀, ẹ̀yin ọmọ. Ṣé ẹ ti rí i?"

A ní, "Ẹ kú ìkàlẹ̀, Bàbá. Wọ́n ní ká padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Wọ́n ní kó yá, wọ́n ní bí a bá rí i, ká má gbàgbé láti sọ fún àwọn bí fìlà àwọn ṣe rí lọ́jọ́ náà, torí ìyá àgbà ló rán an. Ìyá àgbà ti kú ní ọdún kẹfà sẹ́yìn. Ọjọ́ Ajé la máa tún padà lọ.